Ìyá Onírin àti Wàràkàṣì Ọ̀sẹ̀ Mọ́kànlá

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí Ìyá Onírin dé ẹnu iṣẹ́, ó fi ìka wàràkàṣì kan dí ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo ní láti ṣàlàyé èyí kí n tó tẹ̀ síwájú, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni àwọn tó ń tọ́ wàràkàṣì wò máa ń fi ọ̀bẹ gé e jẹ bí ẹni gé búrẹ́dì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Odindi ìṣù wàràkàṣì kan fẹ̀ tó ìjókòó àga, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ sì le. Bí o bá fi ọ̀bẹ ṣí i kó tó gbó, o ti bà á jẹ́ nìyẹn. Irin ni wọ́n ń lò. Irin náà dà bíi páìpù tí wọ́n là sí méjì ní gígùn, ó ní èèkù bíi ti ọ̀bẹ. Atọ́wò á tì í wọ inú ìṣù, á yí i lẹ́ẹ̀kan, á sì fà á jáde. Ohun tó bá bá irin jáde rí gbọọrọ bí ìka ọwọ́, ìka náà ni wọ́n sì ń pè é nílé iṣẹ́ yẹn. Á gbóòórùn rẹ̀, á ṣẹ́ orí rẹ̀ bíńtín sẹ́nu, á ti ìyókù padà sínú ihò tó ti jáde, á sì fi àtàǹpàkò ra ojú ihò náà pa. Ìṣù á tún máa gbó lọ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ìṣù méjì ló wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀kan jẹ́ wàràkàṣì tútù, tó funfun, tó rọ̀, tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ. Èkejì ti lo ọdún mẹ́ta lórí pẹpẹ, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó le bí ọṣẹ tó gbẹ. Ẹnì kan pè é láti òkè. Ó dáhùn, ó yíjú padà, ó sì ti ìka àgbà sínú ọmọdé, ìka ọmọdé sínú àgbà. Kò mọ̀.

Aránṣọ kan ló ra ìṣù tútù náà, òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà gan-an. Lọ́jọ́ kẹta ó gbé ìyókù rẹ̀ padà wá.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún yín? Mo ń jẹ wàràkàṣì mi lọ jẹ́jẹ́, àfi bíi pé ẹnì kan gbá mi létí."

Bàbá tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ò tíì béèrè ẹni tó ṣe é tí Ìyá Onírin fi nawọ́ sókè. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà náà. Bàbá náà wò ó títí, ó ní, "Lọ máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ìṣù àti sára irin. Má sì jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan irin yẹn mọ́." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Onírin. Ìgbà tó bímọ ni wọ́n fi ìyá kún un. Ní ti ọkọ aránṣọ, ó ránṣẹ́ wá béèrè ìgbà tí wọ́n máa ṣe irú wàràkàṣì yẹn míì, torí òun ò jẹ ohun tó dùn tó o rí. Ohun tó gbá ìyàwó létí, òun ló ń wu ọkọ.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Onírin fi ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn kan máa ń sọ pé iṣẹ́ ìgbádùn ni, pé ta ni wọ́n máa sanwó fún kó máa jẹun tí kò ní yọ̀. Kò jẹun. Ohun tí atọ́wò bá fi sẹ́nu, ó gbọ́dọ̀ tu ú dà sínú garawa, nítorí ẹni tó bá gbé ogójì mì láàárọ̀, ìkankan ò ní yé e mọ́ lọ́sàn-án. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, á gé búrẹ́dì gbígbẹ jẹ, á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ẹnu, á tún bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni yàrá náà wà, òtútù rẹ̀ kan náà ni lójoojúmọ́, ilẹ̀ rẹ̀ sì máa ń tutù rinrin. Pẹpẹ onípákó mẹ́fà ló wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri kọ̀ọ̀kan. Bàtà rọ́bà, súwẹ́tà méjì, fìlà òwú, ẹ̀yìn dídùn. Ìgbádùn náà nìyẹn.

Tó bá tọ́ ìṣù kan wò, tó sì dára, á fi ṣọ́ọ̀kì búlúù ya àmì róbótó sí i, ìyẹn ni pé kí wọ́n tà á. Tó bá ní àbùkù, á fa ìlà pupa kan lé e lórí, ìyẹn ni pé kí wọ́n yọ́ ọ pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn oníbúrẹ́dì. Kò sí àmì kẹta. Kò sì sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀.

Gbogbo ilé iṣẹ́ náà kò ju èèyàn mẹ́rìnlá lọ, èyí tó wu oníkálukú kò sì jọ ti ẹnìkejì. Awakọ̀ fẹ́ràn èyí tí iṣan búlúù ń rìn nínú rẹ̀. Àwọn yòókù kì í jẹ́ kó ṣí i nínú ọkọ̀, wọ́n ní ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ẹni tó ti rìn dé òpin ayé tó tún padà. Akọ̀wé ò lè jẹ èyíkéyìí àfi tí iná bá yọ́ ọ. Obìnrin tó ń fọ pákó àwọn pẹpẹ náà fẹ́ràn èyí tí wọ́n da ata wẹ́wẹ́ sí, ó sì máa ń sọ pé wàràkàṣì tí kò lẹ́nu, kí ló ń bá èèyàn sọ? Ọ̀gá, ọmọ bàbá tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, tó gba ipò nígbà tí bàbá náà kú, kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, nítorí sìgá ti gba ẹnu lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe agbéraga. Ọmọbìnrin Ìyá Onírin fúnra rẹ̀, tó jókòó ní kíláàsì mi fún ọdún méjì, tí ìwé rẹ̀ sì mọ́ tónítóní, kì í jẹ ju èyí tí wọ́n ń gé pẹlẹbẹ sínú ọ̀rá ní ilé ìtajà ńlá. Ìyá rẹ̀ á wò ó, á ní, "Ó dáa. Jẹ ọ̀rá náà mọ́ ọn, adùn wọn ò yàtọ̀ síra."

Ọkọ Ìyá Onírin ló ń ṣe wàràkàṣì tútù. Baba Oníkòkò ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ló wà nídìí ìkòkò irin ńlá tí wọ́n ń da wàrà màlúù sí láàárọ̀. Á mú un gbóná, á wọn omi ìmúdì sí i, omi tó ń sọ wàrà di gbagidi, á sì dúró tì í bí ìyá tó dúró ti ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Wàràkàṣì tútù yìí ló ń bọ́ ilé iṣẹ́ náà. Òun gan-an ló sì fẹ́ràn jù láyé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n bá ṣe é, á gé díẹ̀ sẹ́nu, á sì máa gbọ́ bó ṣe ń dún láàárín eyín rẹ̀, ojú rẹ̀ á rí bíi ti ọmọdé.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba Ìyá Onírin síṣẹ́, akọ̀wé àtijọ́ sọ fún bàbá tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ pé ọkọ á máa ṣe é, ìyàwó á máa tọ́ ọ wò, ṣé kò ní dà bí olè àti ọlọ́dẹ tó jọ ń sùn sórí ẹní kan? Bàbá náà ní, "O ò tíì rí obìnrin yẹn."

Ní gbogbo ọdún tó fi mú irin, kò sọ èyí tó wu òun fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n béèrè, ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ta tẹ́tẹ́ lé e lórí, kò dáhùn. Nílé, búrẹ́dì lásán ló ń fi mu tíì.

Ọjọ́ Ajé kan ló ti irin wọ ìṣù àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ tuntun. Ìṣù mẹ́jọ tí wọ́n bá ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ń pè ní ọ̀wọ́ kan, ó sì máa ń pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá kí irin tó kàn án. Òórùn rẹ̀ dára. Ó fi sẹ́nu. Adùn wàrà kọ́kọ́ wá, iyọ̀ tẹ̀ lé e, bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn tó ti tu ú dà tán ni nǹkan kan wá jókòó sí ẹ̀yìn ahọ́n rẹ̀ tí kò fẹ́ dìde. Ó korò.

Ẹnu ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura sí. Ó jẹ búrẹ́dì, ó mu omi, ó lọ tọ́ ìṣù ọlọ́dún mẹ́ta kan wò. Ìyẹn kò korò. Ó padà wá sórí ìṣù kejì nínú ọ̀wọ́ yẹn, ó korò. Ìkẹta korò. Ó fa ìlà pupa sórí gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì, ó sì ṣí ìwé wò kó lè mọ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é. Ó mọ ọ̀sẹ̀ náà dáadáa. Ọ̀sẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ jókòó lé awò ojú rẹ̀ ni.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí lè ní, kí ló kan awò ojú? Ohun tó kàn án ni pé omi ìmúdì kò gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ìwọ̀n lọ. Inú gíláàsì tí wọ́n fa ìlà tín-ín-rín sí lára ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Tó bá pọ̀ jù, wàrà á dì, kódà á dì kíákíá, ohun gbogbo á dà bí ẹni pé ó dára. Kò ní korò lónìí, kò ní korò lóṣù tó ń bọ̀. Ìgbà tó bá gbó ni ìkorò á jáde. Nítorí náà, bí ẹni tó ń ṣe é bá ṣìṣe lónìí, ó dìgbà tí ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá bá pé kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, yóò sì ti ṣe mẹ́wàá míì lé e.

Ìyá Onírin sọ̀ kalẹ̀ padà. Ó dúró níwájú pẹpẹ, ó wo ọ̀wọ́ mẹ́wàá tó kù, tí wọ́n tò jọ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn ò tíì pè lórúkọ. Òfin kan wà tí bàbá tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kọ, tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì: bí ọ̀wọ́ mẹ́ta bá gba ìlà pupa tẹ̀léra, ẹni tó ṣe é máa kúrò nídìí ìkòkò, kò sì ní padà síbẹ̀. Ọ̀kan ti gbà á. Méjì ló kù.

Ọjọ́ yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n ń jẹun ìrọ̀lẹ́, ó béèrè pé, "Bàbá ọmọ mi, awò ojú yín ńkọ́?"

"Èyí tí mo jókòó lé? Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mo mọ ìkòkò yẹn bí mo ṣe mọ ojú ẹ."

"Ojú mi náà, ẹ ò rí i dáadáa mọ́. Ẹ kí ìyá tó ń gbé lókè wa lánàá, ẹ pè é ní Ìyá Onírin."

"Òun náà ò ṣáà jiyàn."

Ọmọbìnrin wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá Onírin kò rẹ́rìn-ín. Ó mú gíláàsì ìwọ̀n kan jáde látinú báàgì rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ife omi kan. Ó ní, "Ẹ bá mi bu omi dé ìlà kẹrin."

Baba Oníkòkò wo ojú rẹ̀, ó wo gíláàsì. Ó gbé e sókè sí iná, ó da omi sí i díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n, nítorí ọwọ́ àgbà oníṣẹ́ ni. Ó gbé e kalẹ̀. "Ìlà kẹrin rèé."

Ọmọbìnrin náà tẹ̀ síwájú, ó bẹjú wo gíláàsì náà. Ìyá rẹ̀ ní kó ka ohun tó rí.

"Ó ti kọjá ìlà karùn-ún, Bàbá."

Ọkùnrin náà fi ìka kan tẹ ara gíláàsì, ó ń wá ìlà tí kò rí. Nígbà tó yá ó ní, "Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìwé sọ ọ́. Ìṣù náà sọ ọ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó lọ síbi iṣẹ́, Baba Oníkòkò lọ ra awò ojú. Mo fẹ́ kí èyí ṣe kedere, nítorí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí lẹ́yìn ìgbà náà máa ń fo ibí yìí: láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò ṣi omi ìmúdì wọ̀n mọ́ rárá. Àbùkù náà ti tán. Ohun tó kù ni èyí tó ti wà lórí pẹpẹ, wọ́n sì ń dúró de irin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ó rẹ Ìyá Onírin nígbà yẹn ju bó ti máa ń rẹ̀ ẹ́ lọ. Ó sọ fún mi pé ilẹ̀ á mọ́, òun á jókòó sí etí ibùsùn pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀ àti ìkejì lọ́wọ́, òun á sì gbàgbé èyí tí òun ń wọ̀ àti èyí tí òun ń bọ́.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó ṣáájú ọ̀wọ́ kejì, ó ń lọ aṣọ nínú yàrá, ọkọ rẹ̀ sì wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Àbùkù náà ti tán."

"Mo mọ̀."

"Kò ní padà."

"Mo mọ̀, Bàbá ọmọ mi."

"Kí la wá ń jẹ àwọn ìṣù tó kù níyà fún? Ìkorò díẹ̀ ni, ìwọ fúnra ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn kan wà tó jẹ́ ohun tó korò ni wọ́n ń wá kiri. Awakọ̀ ń jẹ èyí tó ń rùn, kò sẹ́ni tó mú un. Ta ló fi ẹnu ẹ ṣòfin?"

Ìyá Onírin gbé áyọ́ọ̀nù náà dúró. "Ẹnu mi kọ́ lòfin. Tó bá jẹ́ ẹnu mi ni, wàràkàṣì tútù yìí, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rèé tí ǹ bá ti máa fa ìlà sí i lórí."

Ọkùnrin náà wọlé, ó jókòó sórí àpótí. "O ò fẹ́ràn rẹ̀?"

"Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí."

"Àmì róbótó lo sì ń ya sí i."

"Torí ó dára. Ó dára, kò wù mí. Ohun méjì nìyẹn. Eléyìí korò, ó sì lè wu ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ẹ ò pète pé kó korò. Ẹni tó fẹ́ lọ sọ́tùn-ún, tó wá bá ara rẹ̀ lósì, tó bá he owó níbẹ̀, ó ṣì ṣìnà náà ni."

"O lè bò mí láṣìírí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni. Ọ̀wọ́ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀."

Ó tún gbé áyọ́ọ̀nù. Ọkọ rẹ̀ jókòó síbẹ̀ títí ìyàwó rẹ̀ fi lọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tán, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tí ọkọ náà máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́la. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ọ̀wọ́ kejì korò. Ìyá Onírin fa ìlà.

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Ó wo ìlà pupa mẹ́jọ náà, ó fọwọ́ pa orí. Ó ti mọ ẹni tó kàn, kò sì fẹ́ ẹ. Baba Oníkòkò ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé wàrà dídì nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ó ní, "Màmá, ẹ tún un tọ́ wò."

Ó tún un tọ́ wò. "Ó korò."

"Ṣé ó pọ̀, àbí díẹ̀ ni?"

"Irin ò mọ díẹ̀."

Ọ̀gá ṣẹ́ ìka náà, ó fi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ títí. "Èmi ò rí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ọ̀gá mi, ẹ dákun. Lánàá yìí lẹ jẹ ọṣẹ ìfọwọ́ obìnrin tó ń fọ pákó, ẹ ní iyọ̀ rẹ̀ kéré."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ sì ni inú rẹ̀ ò dùn. Ó yíjú sí pẹpẹ, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Màmá, ọdún mélòó lẹ ti lò láìgba ìsinmi?"

"Mẹ́rin."

"Ó ti rẹ̀ yín. Gbogbo wa la rí i. Ẹ lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, láti ọjọ́ Ajé. Owó yín ò ní dín."

"Ta ló máa tọ́ ọ̀wọ́ kẹta wò?"

"Ìyẹn lè lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò lè pààyàn."

Ẹ jẹ́ kí n tún ohun kan ṣe níbí. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ó bínú sí ọ̀gá, pé ó ju irin mọ́lẹ̀. Irọ́ ni. Ó sọ fún mi pé ìsinmi náà wu òun débi pé omi bọ́ lójú òun. Ó lọ sílé, ó sùn láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Nígbà tó jí, ọmọ rẹ̀ ti gbé tíì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti tutù. Ó mu ún bẹ́ẹ̀. Ó ronú nípa aláàpọn kan tó máa ra ìṣù náà lọ sílé, tó máa gé e fún àwọn ọmọ rẹ̀, tí ẹnu wọn á sì máa korò láìmọ ìdí, nítorí àmì róbótó ni wọ́n rí lára rẹ̀. Ó wá ronú nípa ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ló pẹ́ jù lọ́kàn rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó wọ súwẹ́tà méjì, ó sì lọ síbi iṣẹ́.

Ó ti gbé ìṣù àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ kẹta sórí tábìlì nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Baba Oníkòkò ni. Kì í wá sí abẹ́ ilẹ̀. Eékún rẹ̀ ò fẹ́ àtẹ̀gùn. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú awò ojú tuntun, apá rẹ̀ tutù fún omi wàrà títí dé ìgúnpá.

Ìyàwó rẹ̀ ò sọ pé kó máa lọ. Ó kọ nọ́ńbà. Ó ti irin, ó yí i, ó fà á. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ, ó jẹ ẹ́, ó tu ú dà, ó sì dúró. Àwọn méjèèjì dúró. Ó tó bí ìgbà tí èèyàn máa ka ogún.

"Báwo ni?"

"Bákan náà."

Ó dí ihò náà. Ó mú ṣọ́ọ̀kì pupa, ó fa ìlà sórí ìṣù àkọ́kọ́. Ó dé orí ìkejì, ó tọ́ ọ wò, ó sì korò, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun ò mọ ìdí. Ọwọ́ ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Baba Oníkòkò rìn wá, ó gba ṣọ́ọ̀kì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fa ìlà náà. Ó ní, "Máa tọ́ ọ wò. Sọ fún mi, èmi á máa fà á." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mẹ́fà tó kù. Á tọ́ ọ wò, á ní, "Ó korò," ọkọ rẹ̀ á fa ìlà. Àwọn ìlà tirẹ̀ gún régé ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ, nítorí awò ojú náà dára. Nígbà tí wọ́n parí, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára épúróònù, ó gun òkè lọ, ó sì lọ sọ fún ọ̀gá fúnra rẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ pákó. Ọkùnrin kan wá láti ilé iṣẹ́ mìíràn, òun ló bọ́ sídìí ìkòkò. Ọ̀wọ́ mẹ́jọ tó kù lórí pẹpẹ gba ìlà pupa wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ọ̀sẹ̀ wọn pé. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó fi awò ojú ṣe dé abẹ́ irin, gbogbo wọn ló sì gba àmì róbótó. Ìyẹn ò yí nǹkan kan padà, nítorí òfin ara ògiri kò sọ nípa àtúnṣe.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà náà tí mi ò ní fò. Alásè ilé ìtura kan wá wá wàràkàṣì, ọ̀gá ò sì tíì fi àwọn tó dára hàn án tó fi fọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn tó ní ìlà. Ó tọ́ ọ wò, ó pa ojú dé. Ó ní nǹkan tí òun ń wá láti ọdún mẹ́ta nìyí, èyí tí kì í kàn dùn kó lọ. Ó ra gbogbo rẹ̀, èyí tí wọn ò tíì yọ́. Nígbà tí ìròyìn náà dé ibi tí wọ́n ti ń fọ pákó, Baba Oníkòkò rẹ́rìn-ín títí tó fi ní láti jókòó.

Lọ́nà ilé, ó ní, "Mo ṣáà sọ fún ẹ."

Ìyá Onírin ní, "Ẹ sọ fún mi."

"Ọlọ́wọ̀ èèyàn ló ń jẹ ìkorò mi nísinsìnyí."

"Ẹ bá mi kí i."

Ọdún kan àbọ̀ ni ọkùnrin náà fi fọ pákó. Omi náà bá eékún rẹ̀ jà, ó sì fẹ̀yìn tì. Kò bá ìyàwó rẹ̀ jà. Ó kàn jẹ́ pé, láti ìgbà yẹn, kì í gé wàràkàṣì tútù sẹ́nu láàárọ̀ mọ́. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrẹ́dì lásán mu tíì, àwọn méjèèjì á sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Ìyá Onírin lo ọdún méjì míì. Àwọn kan ní ahọ́n rẹ̀ ló kú. Kò kú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó gbé irin náà fún ọ̀gá, nítorí ọmọ rẹ̀ pè mí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ṣì fi ẹnu mọ ìṣù kan tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ gírísì ọkọ̀ fún wákàtí kan péré. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Obìnrin tó ń fọ pákó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo wa pé, ní báyìí tó ti ń lọ, ṣé ó lè sọ èyí tó fẹ́ràn jù. Awakọ̀ ní kó má parọ́, pé oníṣan búlúù ni. Akọ̀wé ní èyí tó le ni, ọlọ́dún mẹ́ta, èyí tí iyọ̀ ń fọ́ wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀.

Ìyá Onírin ní, "Kì í ṣe iyọ̀. Inú wàrà fúnra rẹ̀ ló ti ń jáde tó bá gbó."

Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ó ronú. Ó ní, "Èyí tí ẹlòmíì bá ti tọ́ wò."

Ní báyìí, ó ń gé búrẹ́dì láàárọ̀ ní yàrá ìjẹun ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní yàrá méjì ní ìsàlẹ̀ ilé ọmọbìnrin wọn, lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ilẹ̀kùn kejì lápá òsì. Ibẹ̀ ni mo ti bá wọn ní oṣù tó kọjá, tí Ìyá Onírin sì sọ gbogbo èyí fún mi.